Wọ́n fi dúrọ́ọ̀mù dí títì wa ní Lokogoma: ṣé ọkọ̀ nìkan ni a dí mọ́ ìta, àbí èèyàn náà?

BàbáTolú_Lokogoma (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:40 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ooru. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú ẹ́sítéètì.

Ẹ mọ̀ pé bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ní ràáńdábáọ̀tù Galadimawa láàárọ̀, gbogbo ẹni tó bá mọ àbùjá ni yóò gbà á. Inú títì wa gan-an ni àbùjá náà wà. (Ìlú Àbújá, ìlú àbùjá. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá, ẹ má bá mi jà.) Ilé 24 ló wà ní títì yìí, ọkọ̀ gbogbo wa kò ju 40 lọ. Lọ́jọ́ kan mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti aago méje sí aago mẹ́jọ, mo ka ọkọ̀ 211. Eré àsápajúdé ni wọ́n ń sá. Ajá méjì ni wọ́n ti tẹ̀ pa. Nígbà tó wá di oṣù Kejì, ọmọ ọdún mẹ́fà kan já lulẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nítorí ọkọ̀ tó yọ sí i lójijì. Ọlọ́run ló yọ wá, eékún rẹ̀ nìkan ló bó.

Ẹgbẹ́ onílé wa bá ra dúrọ́ọ̀mù mẹ́wàá, wọ́n rọ iyanrìn kún un, wọ́n tò ó dí ẹnu títì lápá ẹ̀yìn, típẹ́típẹ́, wọ́n sì fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún gba orí rẹ̀. Iwájú nìkan ni a ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni a ń gbà jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ń gbọ́ ohùn ẹyẹ! Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì. Màmá tó ń gbé ní ilé kẹta, tí mo rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ̀ ọ́, ń nasẹ̀ jáde nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Àmọ́ àwọn ará títì kejì ti fẹjọ́ wa sun alága. Wọ́n ní ọkọ̀ tí a lé kúrò níwájú ilé tiwa ló wá ń gba iwájú ilé tàwọn. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ti rí irú èyí rí? Ṣé ariwo náà máa ń rọlẹ̀ ni, àbí kí a tètè gbé dúrọ́ọ̀mù wa kúrò?

Awakọ̀_Nyanya (9:05 àárọ̀)

Ẹ̀yin olówó ẹ́sítéètì, ẹ kú ìgbádùn o.

Takisí ni mo ń wà, ọdún kejìdínlógún rèé. Oṣù Karùn-ún 2023 ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Kí oṣù Keje tó parí, lítà kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti di ₦617 ní Àbújá níbí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka kìlómítà bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Bí ẹ bá wá dí títì, èmi ni mo máa sun epo lórí yíyí ká. Ẹ ò tún bi mí. Títì tí ìjọba là ni, ta ló fún yín níwèé pé kí ẹ dí i?

Bí iná bá sọ lóru, ta ló máa gbé dúrọ́ọ̀mù oníyanrìn?

Ẹ̀gbọ́nGwarinpa (9:31 àárọ̀)

Ọ̀rọ̀ iná tí awakọ̀ sọ yìí, ẹ má fi ṣeré. Kì í ṣe iná ló bá tèmi, ìrọbí ni. Ní 2019, aago méjì òru, ìyàwó mi ń rọbí nínú ọkọ̀, a dé ẹnu ọ̀nà tó já sí ilé ìwòsàn, wọ́n ti fi irin dábùú rẹ̀, àgádágodo ńlá wà lára rẹ̀. Mégáàdì ló ni kọ́kọ́rọ́. Mégáàdì ń sùn. Ibi tó ń sùn sí ni kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo fọn fèrè ọkọ̀ títí àwọn ará ilé fi ń bú mi láti ojú fèrèsé. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn a rí i nínú ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó ti ìjókòó sẹ́yìn, ó ń hanrun.

Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́ta kí n tó lè rẹ́rìn-ín sí i. Bàbá Tolú, mi ò ní kí ẹ má dí i o. Ẹ rọra wo ohun tí ẹ máa fi dí i.

Oníkẹ̀kẹ́Jabi (10:12 àárọ̀)

Ẹ má gbé dúrọ́ọ̀mù kankan kúrò! Ẹ jẹ́ kí ìlú yìí mí díẹ̀. Láti 1974 ni Bogotá, olú ìlú Kòlóḿbíà, ti ń ti ọ̀nà ńláńlá mọ́ ọkọ̀ ní ọjọ́ Àìkú, láti aago méje àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Ọ̀nà tí wọ́n ń tì báyìí ju kìlómítà 120 lọ, kìkì ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá ní òyìnbó nìyẹn, tàbí pé Kòlóḿbíà jìnnà, Kigali ń ṣe tiwọn láti 2016, Addis Ababa bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2018. Aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, oòrùn kan náà ló ń pa wá.

Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń gun kẹ̀kẹ́ yí adágún Jabi ká ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Awakọ̀_Nyanya (10:20 àárọ̀)

> Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń gun kẹ̀kẹ́ yí adágún Jabi ká

Mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ jíìpù gbé kẹ̀kẹ́ lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ gùn ún. Lọ́jọ́ Ajé ńkọ́, kí lẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́?

Oníkẹ̀kẹ́Jabi (10:24 àárọ̀)

Ọkọ̀. 😂 Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti mú mi. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi ibi tí mo fẹ́ gbà láti Life Camp dé Central Area tí ọkọ̀ kò ní gbá mi. Ó níbi tí títì wa fẹ̀ dé lénì mẹ́wàá, ẹ ò sì ní rí ibi tí ẹ máa fẹsẹ̀ lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

ỌmọÌbàdàn_Utako (11:02 àárọ̀)

Bàbá Tolú, mo ti rí i rí, ojú mi báyìí ló ṣe. Walthamstow ni mo gbé ní London kí n tó padà wálé. Ní 2014 ni wọ́n fún ìjọba ìbílẹ̀ Waltham Forest lówó kí ó fi ṣe àdúgbò dáadáa fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Wọ́n gbin òpó sí ẹnu àwọn títì kéékèèké, wọ́n sì ní kí ọkọ̀ má gba Orford Road mọ́ láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́, àfi bọ́ọ̀sì. Ẹ bá mi gbọ́: lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i ní 2015, àwọn tó ń bínú gbé pósí wá síta. Pósí! Wọ́n ní wọ́n ti pa ọjà àdúgbò, kí wọ́n wá sin ín.

Nígbà tí mo ń kó ẹrù mi wálé, èèyàn ni mo fi sílẹ̀ ní Orford Road tí wọ́n gbé àga síta, tí wọ́n ń mu tíì. Nítorí náà, ariwo máa ń rọlẹ̀. Àmọ́ kì í rọlẹ̀ níbi gbogbo. Nígbà kòrónà ní 2020, ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sáré dí títì láìbá ará ilé sọ ọ́, ìjà náà pọ̀. Ní Oxford, àwọn kan ń fi ọkọ̀ gbá òpó náà wó lóru, wọ́n tiẹ̀ dáná sun òmíràn.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa èyí tí mo rí. Kò sí ilé kan tí ọkọ̀ kò lè dé. Ẹni tó bá nílé ní títì yẹn lè wakọ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kàn gba ibẹ̀ kọjá lọ síbòmíràn ni wọ́n ní kó yí ká. Ẹlẹ́sẹ̀ kò yí ká o. Oníkẹ̀kẹ́ kò yí ká. Ìyá ọlọ́mọ tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ, arọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tààrà ni gbogbo wọn ń lọ.

ÌyáÌbejì_Kubwa (1:15 ọ̀sán)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mo ń bó ẹ̀pà. Bàbá Tolú sà, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan, ẹ má bínú.

Ẹ ní dúrọ́ọ̀mù mẹ́wàá. Fífẹ̀ dúrọ́ọ̀mù epo kan jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 58. Mẹ́wàá rẹ̀, mítà 5.8. Títì ẹ́sítéètì tí mo mọ̀ kì í ju mítà mẹ́fà lọ. Sẹ̀ǹtímítà 20 ló kù fún gbogbo ayé. Ológbò ló lè gba ibẹ̀, ìyẹn bí wáyà ẹlẹ́gùn-ún yín kò bá fà á nírun ya.

Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn gba ibẹ̀ ńkọ́?

Ìdí tí mo fi bèèrè nìyí. Tíṣà ni mí. Fún ọdún mẹ́rin, ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni wà lẹ́yìn ẹ́sítéètì kan ní Kubwa níbí. Mo máa bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní márosẹ̀, mo máa gba inú ẹ́sítéètì náà, ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mo ti dé kíláàsì. Lọ́jọ́ kan ni a dé ibẹ̀ tí a bá gèétì ní títì. Olè ti jà nílé ẹnì kan, wọ́n sì pinnu pé kí ẹnikẹ́ni má gba ẹ̀yìn wọlé mọ́. Ó tọ́ kí wọ́n bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọkọ̀ kàn fi ìṣẹ́jú méjì kún ìrìn rẹ̀ ni. Èmi? Ìṣẹ́jú 35. Ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀ ni mo ń gbà, lórí koríko àti òkúta, tirélà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́ gbé gèlè mi lọ. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ dé orókùn. Nírọ̀lẹ́, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ̀rù lè mú kí n dá ọkọ̀ èyíkéyìí dúró kí n má baà rìn, báyìí náà ni wọ́n ṣe gbé ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ni ní wọ́n-ṣáǹsì, wọ́n gba fóònù àti owó oṣù rẹ̀, wọ́n tì í jù sílẹ̀ ní ọ̀nà Zuba.

Àwọn ọmọ ilé ìwé mẹ́rìnlá láti abúlé tó wà níwájú wa ni kò wá mọ́. Mo mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ dí títì, tí ẹ sì ń gbọ́ ohùn ẹyẹ, inú mi dùn fún yín. Mo kàn fẹ́ mọ ta ni kò gbọ́ ohùn ẹyẹ náà.

AlhajaGarki (1:22 ọ̀sán)

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun jàre. Ẹ ti sọ ọ́.

Ọmọ_Ìlọrin (1:40 ọ̀sán)

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ fífẹsẹ̀ rìn, oòrùn oṣù Kẹta ní Àbújá ńkọ́? Légédíìsì Bẹ́ńsì mi ti fẹ̀yìn tì.

AlhajaGarki (1:52 ọ̀sán)

@Ọmọ_Ìlọrin, lábẹ́ igi máńgòrò ni mo ti ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Garki, ọdún kejìlá rèé. Ẹ bá mi wo ojú títì: ọ̀tún níbi tí igi wà, èèyàn ń tò gba ibẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Òsì tí wọ́n gé igi kí ọkọ̀ lè rí ibi páàkì, ọ̀pá iná nìkan ló dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá ní oòrùn ni kò jẹ́ ká rìn, kó lọ bi ẹni tó gé igi.

Oníbàárà mi tó wá nínú ọkọ̀ kì í ju márùn-ún lọ lójúmọ́. Ẹlẹ́sẹ̀ ló ń rán ọmọ mi níléèwé.

Ọmọ_Kàdúná (3:30 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ará Ọ̀fà ni wá, àmọ́ Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri. Kẹ̀kẹ́ Ràlí dúdú ló ń gùn. Kò sí ọjọ́ tí kì í nù ún, yóò fi epo sí ṣéènì rẹ̀, yóò wá fi ìka tẹ agogo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kíríǹ, bí ẹni ń kí i. Ní ìrọ̀lẹ́ tí fèrè ilé-iṣẹ́ bá dún, ẹ ò ní rí ilẹ̀ títì. Kẹ̀kẹ́ ni. Ìgbì kẹ̀kẹ́. Háúsá, Yorùbá, Ígbò, Kàjé, gbogbo wọn ń pariwo ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù síra wọn lórí ìjókòó. Èmi wà níwájú lórí irin, ìdí ń dùn mí, mi ò lè sọ ọ́ torí kí wọ́n má baà ní kí n máa fẹsẹ̀ rìn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni bí ojú tí a fi ń wo kẹ̀kẹ́ ṣe yí padà. Lọ́dún tó kọjá mo ra ọ̀kan ní Wuse, mo gùn ún lọ síbi àríyá ìsọmọlórúkọ ní Durumi. Ìyá ọmọ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra bi mí pé: «Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan? Níbo ni mọ́tò yín wà?» Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹnì kan ti fi ₦5,000 ránṣẹ́ sórí fóònù mi.

Mo gbà á o. Mo fi ra táyà.

Oníkẹ̀kẹ́Jabi (3:34 ọ̀sán)

Mo kú! 😂😂 Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ èmi náà máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ìsọmọlórúkọ.

Ayàwòrán_Ilé (5:10 ìrọ̀lẹ́)

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe kan ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ méjì mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, àwọn ará títì kejì kò purọ́. Bí ẹ bá dí títì kan ṣoṣo, omi á kàn gba ojú ìṣàn mìíràn ni. Àwọn tó ṣe é yọrí kì í dí títì, àdúgbò lódindi ni wọ́n ń dí. Ìlú Groningen ní ilẹ̀ Netherlands ṣe é ní 1977: wọ́n pín àárín ìlú sí mẹ́rin, wọ́n ní ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Bí o bá fẹ́ dé ibẹ̀, jáde sí ọ̀nà ńlá tó yí ìlú ká, kí o tún wọlé. Kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ló ń gba àárín kọjá. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù bínú gan-an. Ghent ní Belgium náà ṣe irú rẹ̀ ní 2017, wọ́n pín tiwọn sí mẹ́fà. Nígbà tí fífẹsẹ̀ rìn di àbùjá, tí mímú ọkọ̀ di yíyí ká, àwọn èèyàn fúnra wọn ló yàn.

Ẹ̀yin náà wo ohun tí ẹ ṣe: ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di yíyí ká. Ẹlẹ́sẹ̀ ló sì jìyà jù, torí ẹsẹ̀ kò ní jíà.

Ìkejì, ètò ìlú Àbújá tí wọ́n kọ parí ní 1979 pín ìlú sí àdúgbò-àdúgbò, kí ilé ìwé àti ọjà wà nítòsí ẹni, kí èèyàn má baà máa rìnrìn àjò nítorí búrẹ́dì. Títì ńláńlá ni a kọ́ jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà a wá fi ògiri yí ẹ́sítéètì kọ̀ọ̀kan ká. Ilé ẹ̀kọ́ lè wà ní mítà 200 sí ilé yín bí ẹyẹ bá fò, kí ó di kìlómítà mẹ́ta lójú títì. Ṣùgbọ́n ẹ ò kì í ṣe ẹyẹ.

Ìkẹta, ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀mù. Awakọ̀ àti Ẹ̀gbọ́n Gwarinpa gba ojúlé. Ẹ yọ díẹ̀ láàárín, kí ẹ gbin òpó onírin tó ṣe é yọ síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ilé tó sún mọ́ ọn jù. Kì í ṣe mégáàdì nìkan.

Awakọ̀_Nyanya (5:44 ìrọ̀lẹ́)

Mo gbọ́ tiyín, Ayàwòrán. Ṣùgbọ́n ẹ rántí 2006, nígbà tí wọ́n lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì ń bọ̀. Ìyàwó mi dúró de bọ́ọ̀sì náà ní Nyanya títí bàtà rẹ̀ fi jẹ tán. A mọ̀ ọ́n tì ní ìlú yìí. Ẹ kọ́kọ́ fi ohun tí èèyàn máa wọ̀ hàn mí ná.

Ayàwòrán_Ilé (5:50 ìrọ̀lẹ́)

Mi ò lè bá yín jiyàn lórí ìyẹn.

BàbáTolú_Lokogoma (Ọjọ́ Àìkú, 7:20 alẹ́)

Mo dákẹ́ láti àná torí Ìyá Ìbejì ti bi mí ní ohun tí mi ò lè dáhùn lórí ìjókòó. Mo dìde, mo lọ wo ẹ̀yìn títì.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí ni mẹ́ruwà wa ti fi ₦200 lé owó tírọ́ọ̀kì omi. Mo ti bínú sí i. Mo ní oòrùn ló fẹ́ fi gba owó lọ́wọ́ mi. Ìyá tó ń bá wa fọ aṣọ náà, aago méje ló máa ń dé, ó wá di aago mẹ́jọ kọjá, ìyàwó mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ó ti ya ọ̀lẹ. Abúlé Galadimawa ni àwọn méjèèjì ti ń wá. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó sọ pé dúrọ́ọ̀mù ni. Mo bi mẹ́ruwà pé kí ló dé tí kò sọ. Ó wò mí, ó ní: «Alhaji, ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀.»

Lára dúrọ́ọ̀mù tó wà lápá gọ́tà, mo rí òwú aláwọ̀ búlúù tó há sára wáyà. Aṣọ ilé ìwé ni. Ẹnì kan ti gbìyànjú láti gba ibẹ̀.

A ṣèpàdé lónìí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Alága kò fẹ́, ó ní olè. Mo ní ọkọ̀ ni olè tó wá sílé ìyá Fẹ́mi gbé wá, iwájú ló sì gbà, mégáàdì sálúùtù rẹ̀. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀. Ibi tí a parí ọ̀rọ̀ sí ni pé kí a ká wáyà kúrò, kí a sì yọ dúrọ́ọ̀mù kan wò.

BàbáTolú_Lokogoma (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 alẹ́)

Ẹ wá gbọ́ eré.

A yọ dúrọ́ọ̀mù kan. Àlàfo di sẹ̀ǹtímítà 78. Ẹlẹ́sẹ̀ kọjá, kẹ̀kẹ́ kọjá, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Mẹ́ruwà dé pẹ̀lú tírọ́ọ̀kì rẹ̀, ó há. A wọn tírọ́ọ̀kì náà níbi tí kẹ́ẹ̀gì ti yọ síta jù, 92. A bá yọ ìkejì. Ó di mítà kan àti 36. Mẹ́ruwà kọjá, ó ń kọrin. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan yọ orí wọlé láti òdìkejì, awakọ̀ rẹ̀ ki dígí rẹ̀ bọnú, ó rọra fà á kọjá, ó ń juwọ́ sí wa! Èèyàn mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Awakọ̀_Nyanya (9:21 alẹ́)

Ọmọ wa nìyẹn! 😂 Fífẹ̀ Márúwá kò ju mítà kan àti 30 lọ, ó ti wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ojú kí ó tó dé.

Ayàwòrán_Ilé (9:30 alẹ́)

Ẹ ti dúrọ́ọ̀mù lápá ọ̀tún sínú díẹ̀. Ẹ fi mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 5 sí àárín, kí ìyókù wà lápá gọ́tà. Tírọ́ọ̀kì á kọjá, Márúwá kò ní kọjá, kẹ̀kẹ́ arọ á kọjá dáadáa. Ọ̀kadà á kọjá, ìyẹn kò sí oògùn rẹ̀, àfi kí ẹ gbé òkè kékeré kan síwájú rẹ̀ kí wọ́n lè rọra.

Ọmọ_Ìlọrin (9:48 alẹ́)

Ṣé ológbò ṣì lè gba apá gọ́tà?

BàbáTolú_Lokogoma (Ọjọ́rú, 8:05 alẹ́)

Ológbò, ewúrẹ́ méjì, àti ọmọ mi tó ní òun kò fẹ́ gba àárín.

A ti ti dúrọ́ọ̀mù náà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta láti Galadimawa ló bá wa tì í, a ò pè wọ́n. Àwọn ọmọ ti fi ọ̀dà kun márùn-ún nínú rẹ̀, ìkan ní àwòrán ẹja, mi ò mọ ìdí. Ìyá aṣọ dé ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ yìí, omi sì ti padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Mẹ́ruwà ló fúnra rẹ̀ yọ ₦200 náà kúrò, mi ò tíì sọ̀rọ̀.

Ti títì kejì ṣì wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta a máa jókòó pẹ̀lú wọn, a fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n dí tiwọn náà, kí á jọ ṣe é bíi ti Groningen yẹn, kí gbogbo ọkọ̀ tó fẹ́ kàn kọjá dúró sí ọ̀nà ńlá. Inú wọn kò tíì yọ́. Ọ̀kan ní bí a bá tún fi dúrọ́ọ̀mù han òun, òun máa gbé e tà fún àwọn onírin.

Ẹ̀gbọ́n Gwarinpa, alága ti gbà láti fi òpó tó ṣe é yọ sí àárín, nítorí ọ̀rọ̀ ìyàwó yín. Mo kà á fún wọn nípàdé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará Apo, èló ni wẹ́lídà ń gbà níbẹ̀ fún òpó onírin kan pẹ̀lú àgádágodo rẹ̀? Wọ́n ní kí n mú iye rẹ̀ wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì.